Nápíkìn Lórí Wáyà Màlúù

Ọdún tí mo bí àkọ́bí mi, orí ilẹ̀ ìjẹko màlúù ni a ń gbé, lẹ́yìn Agbowó, lọ́nà Àjíbọ́dé. Ọkọ mi ló ń bójú tó o fún Alhájì kan tó ń ta màlúù ní Bódìjà. Wáyà tó ń gbé iná báàtìrì, tí iná rẹ̀ ń lé màlúù sẹ́yìn, ni a fi pín ilẹ̀ náà. Láràárọ̀, ọkọ mi á gbé ọ̀pá kan tó ní àwo pẹlẹbẹ lé orí koríko, á fi wo bó ṣe ga, bó ṣe ki tó. Ìwọ̀n tó máa tó àwọn màlúù jẹ lọ́jọ́ yẹn ló máa ṣí sílẹ̀ fún wọn.

Alhájì ti là á mọ́lẹ̀ fún wa: "Bí koríko yìí bá gbé wa dé òjò, ẹ dúró. Bí kò bá gbé wa dé òjò, màlúù mi ń lọ sọ́jà, ẹ̀yin náà á wábi gbà."

Ìyá ọkọ mi wá láti Ṣakí wá wẹ ọmọ fún wa. Àgbà tí kì í jókòó ni wọ́n. Lọ́jọ́ tí ọkọ mi gbé báàtìrì lọ chájì l'Ágbowó, tí iná ò sí lára wáyà, Màmá fọ nápíkìn, wọ́n fọ aṣọ tèmi náà, wọ́n sì sá gbogbo rẹ̀ sórí wáyà. Aṣọ tútù wúwo. Wáyà tẹ̀ kanlẹ̀. Kí n tó fọ́mọ lọ́yàn tán, àwọn màlúù ti rékọjá sínú koríko tí a fi pamọ́ de ìparí ẹ̀ẹ̀rùn.

"Màmá, ẹ gbà wá o!"

Wọ́n tú gèlè, wọ́n fi ń lé màlúù. "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó! Ẹ ta okùn tó gùn tó báyìí, ẹ ò fi sá nǹkan kan!"

Ẹ̀rín pa mí, ẹkún sì ń gbọ̀n mí.

Nígbà tí ọkọ mi dé, kò bínú sí ìyá rẹ̀. Ó gbé ọ̀pá alawo rẹ̀ kiri, ó ń fi wọn koríko. "Orí koríko nìkan ni wọ́n jẹ. Àmọ́ kò ní tó dé òjò mọ́."

Lọ́jọ́ kejì Màmá gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yan gàrí lọ, wọ́n ru èèpo ẹ̀gẹ́ bọ̀, wọ́n sá a sórí àpáta títí ó fi gbẹ. Ọkọ mi ń wọn èèpo fún màlúù, ó sì ń dín koríko kù. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ, èmi pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

Òjò rọ̀ nígbà tí koríko ṣì kan kókósẹ̀. Alhájì wá, wọ́n wò ó yíká, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹ dúró."

Màmá wò wọ́n tìyanu-tìyanu. "Ta ló tiẹ̀ ń palẹ̀ ẹrù mọ́ tẹ́lẹ̀?"