Mo Ní Kí Ẹ́jẹ́ńsì Fi Ẹni Tó Ti Bá Wọn Jà Hàn Mí

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin èèyàn mi, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nígbà tí àbúrò mi ní òun fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù òun sílẹ̀ torí ẹ́jẹ́ńsì!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé ike ni mo ń tà ní Ọ̀yìngbò. Korobá, bútà, abọ́ ìfọṣọ, kò sí èyí tí ẹ máa bèèrè tí mi ò ní fà yọ. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ìwọ̀nba tí mo fi lè ka orúkọ ara mọ́tò ni. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ò kéré, àwọn tó ń ná ọjà lọ́wọ́ mi á jẹ́rìí sí i.

Kàmọ́rù ni àbúrò mi, ọmọ ìyá mi. Jórinjórin ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Pápá Àjàó, ibẹ̀ ló ti ń ṣe géètì, wíńdò onírin àti irin tí wọ́n ń gbé táǹkì omi lé. Iṣẹ́ tó bá rí ló ń gbà, tí èyí bá parí, á tún wá òmíràn. Ẹ ṣáà mọ bí ayé àwọn agbaṣẹ́ṣe ṣe rí. Lónìí ọwọ́ wọn á dí, lọ́la wọ́n á jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á máa ka ọ̀kadà tó ń kọjá.

Lọ́jọ́ kan ó yọ sí mi ní ìsọ̀, ẹ̀rín dé etí. Ó ní àwọn ẹ́jẹ́ńsì kan wà ní Àgùdà tó ń bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wá kọ́ńtíráàtì sí iléeṣẹ́ ńláńlá. Ó ní wọ́n ti rí òun, wọ́n sì fẹ́ràn òun. Mo ní ṣé ìyàwó ni wọ́n ń wá ni?

Ìgbà yẹn ló wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n ní kó yọwọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, torí àwọn ò fẹ́ ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ kan rìn níbí, tó ń fi ìkejì rìn lọ́hùn-ún. Wọ́n tún ní kó kó ẹ̀rọ tó fi ń jórin wá sí ilé ìkẹ́rùsí àwọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá Rúkà tó ni ṣọ́ọ̀bù sì ti rí obìnrin kan tó fẹ́ máa ta adìẹ dídì níbẹ̀, ó ní kí Kàmọ́rù dá òun lóhùn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Pápá Àjàó tẹ́ ẹ ń wò yẹn, tí èèyàn bá fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, ẹlòmíràn ti kùn ún ní ọ̀dà tuntun.

Mo bi í pé iléeṣẹ́ wo ni wọ́n ń mú un lọ. Kò mọ̀. Mo ní ta ló ti bá wọn ṣiṣẹ́ rí. Ó ní wọ́n ní àwọn èèyàn náà pọ̀. Mo ní tí iṣẹ́ bá wá parí ńkọ́? Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ èpè.

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ń fẹ́ ìwádìí! Tí korobá bá wọ ìsọ̀ mi, mo máa gbá a nídìí, mo máa gbé e kọjú sí oòrùn, kí n wò bóyá ó ti fẹ́ sán níbì kan. Korobá lásán nìyẹn o. Àbúrò mi wá fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, kó sì kó ẹ̀rọ rẹ̀ lé àwọn èèyàn lọ́wọ́, kò tíì gbá wọn nídìí wò! Mo ní kí ẹni tí a jọ ń tajà bá mi wo ìsọ̀, mo ní ó yá, mo fẹ́ fojú ara mi rí wọn.

Ọ́fíìsì náà dára, mi ò ní purọ́. Ẹ́síì ń fẹ́ bíi pé ẹja ni wọ́n ń tọ́jú síbẹ̀. Àwòrán àwọn ọkùnrin tó dé akoto iṣẹ́ wà lára ògiri, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò tíì rí ẹni tó ru sìmẹ́ǹtì tó ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde sí wa, ó dọ̀bálẹ̀, ó ń pè mí ní Mọ́mì, ó gbé mọ́ọ̀tì tútù lé mi lọ́wọ́. Ká sòótọ́, ọkàn mi ti fẹ́ rọ̀. Ta ni kì í fẹ́ mọ́ọ̀tì?

Mo mu díẹ̀, mo wá bẹ̀rẹ̀. Mo bi í pé iléeṣẹ́ wo ló fẹ́ gba Kàmọ́rù. Ó ní àṣírí oníbàárà àwọn nìyẹn, àmọ́ ká fọkàn balẹ̀. Mo ní tí iléeṣẹ́ bá ń fi owó iṣẹ́ falẹ̀, ta ni Kàmọ́rù máa dì mú, ṣé àwọn ni àbí ẹ̀yin? Ó ní ẹbí kan náà ni gbogbo wa. Mo ní tí irin bá já lù ú lẹ́sẹ̀, ta ló máa gbé e lọ sí ọsibítù? Ó ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí i.

Mo ṣe àmín. Kí ni n bá tún ṣe? Ìbéèrè ni mò ń bi èèyàn, àdúrà ló ń dà lé mi lórí!

Mo ní ṣé mo lè bá ẹnì kan tí wọ́n ti wáṣẹ́ fún sọ̀rọ̀. Kíá, ó tẹ fóònù. Ọkùnrin tó gbé e yìn wọ́n títí. Ó tún pe òmíràn, ìyẹn náà yìn wọ́n, ó kù díẹ̀ kó fi orin sí i. Kàmọ́rù ń wò mí, ó ń mi orí, bí ẹni ń sọ pé ṣé mo ti gbọ́ báyìí.

Ẹ wò ó, inú ọjà ni mo dàgbà sí. Ẹni tí ọlọ́jà bá fọwọ́ ara rẹ̀ pè wá, ṣé èébú ló máa bú u ni? Àlàájà tí mo ń ra ike lọ́wọ́ rẹ̀ ti kó àwọn korobá tó sán nídìí fún mi rí. Mo rù wọ́n padà lọ bá a. A pariwo mọ́ra wa títí àwọn onírẹsì òdìkejì fi dá sí i. Ṣùgbọ́n kílẹ̀ tó ṣú, ó ti pààrọ̀ wọn fún mi. Ọjọ́ tí a jà yẹn gan-an ni mo tó mọ irú èèyàn tó jẹ́.

Mo bá ní, “Ọmọ mi, o ṣé. Ó ku ẹyọ kan. Fún mi ní nọ́ńbà ẹni tó ti bá yín jà.”

Ó rò pé mò ń ṣeré, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé èmi ò rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mọ́mì, àwa ò bá ẹnikẹ́ni jà rí.”

Háà! Ahọ́n àti eyín tó ń gbé inú ẹnu kan náà ń jà. Ẹ̀yin wá ń kó bíríkìlà àti káfíńtà lọ fún olówó, ẹ ò jà rí? Ṣé àwọn áńgẹ́lì lẹ ń bá wáṣẹ́ ni? Mo mu mọ́ọ̀tì mi tán, mo dìde. Ọ̀rọ̀ ò tíì burú dé ibi tí a ó fi mọ́ọ̀tì sílẹ̀.

Kàmọ́rù ń yára rìn níwájú mi títí a fi dé ìdíkọ̀. Ibẹ̀ ló ti bú jáde.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ máa fi ẹnu lé oríire mi sá. Oníjà lẹ wá ń wá fún mi báyìí? Ẹ kúkú mú mi wá sí ìsọ̀ yín, kí n wá máa bá yín ta bútà.”

Mo ní bútà mi ò nílò ẹni tó ń fajú ro.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ṣé èmi ni mo le jù ni? Ṣé ẹ́jẹ́ńsì kan tiẹ̀ wà láyé yìí tó lè dáhùn irú ìbéèrè yẹn? Ó ń wù mí kí n mọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn oníbàárà mi, títí obìnrin kan tó ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn tó ń kọ́lé fi sọ fún mi pé Àǹtí Bísí kan wà ní Yábàá tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Mo bẹ Kàmọ́rù títí ó fi tẹ̀ lé mi.

Orí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni ọ́fíìsì ìyẹn wà. Àtẹ̀gùn ń kérora, fáànù ń yí bíi pé wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Àǹtí Bísí ń jẹ ẹ̀pà. Mọ́ọ̀tì kọ́ o, omi gan-an, èmi ni mo tọrọ rẹ̀. Kàmọ́rù wojú mi, ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n obìnrin náà dárúkọ iléeṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní iṣẹ́ wíńdò ni, ní Ìkẹjà, tí Kàmọ́rù bá fẹ́, kó lọ wo ibẹ̀ kó tó dáhùn. Nígbà tí Kàmọ́rù ní òun lè fi ṣọ́ọ̀bù òun sílẹ̀ torí ẹ̀, Àǹtí Bísí gbé ẹ̀pà kalẹ̀.

“Ta ló ní kóo ṣe bẹ́ẹ̀? Tí èyí bá parí, tí mi ò tíì rí òmíràn, orí ta lo máa jókòó lé?”

Mo wá bi í ní ìbéèrè mi. Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ọlọ́pàá ni mí. Lẹ́yìn náà ló ní ká lọ rí Bọ̀dá Láídé ní Ìdí-Òrò, ẹni tó ń lẹ táìsì mọ́ ilẹ̀ ilé. Ó ní ọkùnrin náà ti wá pariwo sí òun lórí àtẹ̀gùn yẹn títí télọ̀ fi pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní ká múra etí wa sílẹ̀.

Òótọ́ ló sọ! Bọ̀dá Láídé bú u láti òkè délẹ̀. Ó ní iléeṣẹ́ kan ní iṣẹ́ òun ò dáa, wọ́n ò san owó, òun bá lọ ká Àǹtí Bísí mọ́ ọ́fíìsì. Obìnrin náà bú òun padà. Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ̀ lé òun lọ sí iléeṣẹ́ náà, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn, ó ní òun ò níbi tí òun ń lọ. Owó náà pẹ́, ṣùgbọ́n ó dé.

“Ẹnu obìnrin yẹn burú,” ó ní. “Mi ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá.”

Kàmọ́rù bi í pé ṣé ó ti wá fi í sílẹ̀.

“Kí n fi í sílẹ̀ kí n lọ bá ta ni? Iṣẹ́ tí mò ń lọ lọ́la, òun ló bá mi wá a.”

Nígbà tí a padà dé Pápá Àjàó, èmi kọ́ ni mo rán an, Kàmọ́rù fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún Ìyá Rúkà pé kí aládìẹ wá ibòmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ wo iṣẹ́ Ìkẹjà, ó sì gbà á lọ́wọ́ Àǹtí Bísí.

Mi ò ní àwọn ará Àgùdà yẹn ń ṣe jìbìtì o. Bóyá èèyàn rere ni wọ́n, mi ò mọ̀. Ohun tó ń bí mi nínú náà nìyẹn: mo lọ síbẹ̀ láti mọ̀, mo jáde láìmọ̀. Ọjà tí wọn ò bá jẹ́ kí n gbá nídìí, mi ò ní i rà.

Láìpẹ́ yìí ni Kàmọ́rù tún yọ sí mi, ojú rẹ̀ le koko. Ó ní òun àti Àǹtí Bísí ti jà. Iléeṣẹ́ kó irin tín-ín-rín wá, wọ́n ní kó ṣáà máa fi ṣe wíńdò náà. Ó pe Àǹtí Bísí, ìyẹn ní kí ló dé tí kò tètè sọ, àwọn méjèèjì bá gbé ohùn sókè lórí fóònù. Mo fi oníbàárà sílẹ̀ níbi tó ti ń ná korobá.

“Báwo ló ṣe wá parí?”

Ó pòṣé. “Wọ́n ti pààrọ̀ irin náà.”

Ẹ̀rín pa mí! Ọkàn mi balẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí mo mu mọ́ọ̀tì lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba kọ́ńtíráàtì lọ́wọ́ ẹ́jẹ́ńsì, ẹ má wo ẹ́síì, ẹ má wo àwòrán ara ògiri. Ẹ bèèrè ibi tí ẹ ń lọ, ẹ bèèrè ẹni tẹ́ ẹ máa dì mú tí owó bá falẹ̀, ẹ má sì gbé ibi tí ẹ máa padà sí fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹni tó ti bá wọn jà, kí ẹ gbọ́ bí ìjà náà ṣe parí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ bi àwọn tiyín, kí ni wọ́n sì fi dá yín lóhùn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹ́jẹ́ńsì tí ẹ ò bá ẹnikẹ́ni jà rí, ẹ má wulẹ̀ kọ nǹkan kan. Ẹ gbé mọ́ọ̀tì yẹn wá ní tiyín.