Ìyá Tó Kọ́ Mi Lórúkọ Òdòdó

Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tójú mi rí létí àbàtà tó wà nítòsí ilé mi. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ọmọ mi pàápàá.

Láti ìgbà tí Bàbá Tolú ti kú, tí Tolú náà sì ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Scotland, èmi nìkan ló kù nínú ilé wa ní Becontree, nílùú òyìnbó níbí. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ mi ní kíṣìnnì ilé-ìwé dé, tẹlifíṣọ̀n ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Sunday nìkan ni mo ń gbọ́ kí ẹnìkan pe orúkọ mi, ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Dókítà ló ní kí n máa rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Nínú oṣù April, mo gba páàkì ọ̀nà Eastbrook lọ. Mo rò pé koríko lásán ni màá bá. Àṣé àbàtà wà níbẹ̀, òdòdó yẹ́lò kan sì kún etí omi bí ìgbà tí ẹyin fọ́ sílẹ̀.

Ìyá òyìnbó kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n á tó ẹni ọgọ́rin ọdún, bàtà òjò ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Mo tẹ orúnkún díẹ̀, mo ní, "Good afternoon, Mummy." Ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n ní àwọn ò bímọ, pé kò sẹ́ni tó pe àwọn bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní ẹ̀pa ò bóró mọ́, Mummy ni wọ́n lójú tèmi.

Wọ́n ní marsh marigold lorúkọ òdòdó yẹn. Wọ́n béèrè orúkọ tèmi náà, Fúnmiláyọ̀, wọ́n sì ń pè é títí ó fi gún lẹ́nu wọn.

Bá a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Gbogbo Tuesday, tíì nínú fláàsìkì wọn, chin-chin nínú ike tèmi. Nígbà tó di June, òdòdó tí wọ́n ń pè ní yellow flag yọ, ó ga láàárín koríko esùn. Ní August, meadowsweet ń ta sánsán, purple loosestrife sì fi àwọ̀ elése àlùkò bo etí omi. Mummy á na ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn sí ọ̀kan, wọ́n á ní kí n dárúkọ rẹ̀. Bí mo bá ṣì í, wọ́n á fi ọ̀pá yẹn kàn mí lẹ́sẹ̀. Ẹ wo èmi àgbàlagbà, mo wá ń kẹ́kọ̀ọ́ nílé bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò.

Ṣé mo béèrè orúkọ tiwọn? Báwo ni màá ṣe la ẹnu béèrè orúkọ ẹni tó tó bí mi? Nílé wa ní Ìjẹ̀bú, ìgbátí ni wàá gbà lésì.

Ní October, gbogbo ẹ̀ rọ. Esùn gbẹ, àbàtà dákẹ́. Mummy ń wúkọ́. Wọ́n ní kí n má rò pé àwọn òdòdó ti kú, pé gbòǹgbò wọn wà nínú ẹrẹ̀, wọ́n ń dúró de àkókò ni.

Ní November, mi ò rí wọn mọ́. Tuesday àkọ́kọ́, mo ní òjò ni. Nígbà tó di ìkẹrin, mo mọ̀ pé kì í ṣe òjò. Mo bi ọkùnrin tó ń tọ́jú páàkì. Ó ní kí lorúkọ wọn? Ó ní ìyá arúgbó tó ń lo ọ̀pá pọ̀ níbí.

Mo bá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìsìn Wednesday, kí ìjọ bá mi gbàdúrà. Ẹ̀yin Aládùúrà mọ̀ pé orúkọ la fi ń gbàdúrà fún ènìyàn. Ìyá tó ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn ṣí ìwé.

"Orúkọ?"

"Mummy."

"Mummy wo? Fúnmi, ṣé o mọ iye Mummy tó wà nínú ìjọ yìí? Orúkọ ìyá wọn ńkọ́?"

Mo ṣàlàyé ibi tí mo ti mọ̀ wọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n kọ ọ́ báyìí: Ìyá Òyìnbó Etí Àbàtà. Nígbà tí wọ́n kà á, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi sunkún, mo ní ọ̀fìnkìn ni.

April ti padà dé. Marigold ti yọ síbi tó ti yọ lọ́dún tó kọjá. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn lánàá, èmi nìkan, mo ń dárúkọ àwọn òdòdó náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dùn mí dé egungun. Mo mọ orúkọ gbogbo òdòdó tó wà níbẹ̀, mi ò mọ orúkọ ẹni tó kọ́ mi.

Mi ò ní ká pa ọ̀wọ̀ tì o. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ náà mọ bá a ṣe ń béèrè: "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín, kí n lè máa fi gbàdúrà fún yín?" Kí ló dé tí mi ò sọ bẹ́ẹ̀?

Ta ni ẹ̀yin náà ń kí lójoojúmọ́ tí ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀? Ẹ lọ béèrè lónìí, kí ẹ padà wá kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi yìí, ká jọ ṣe àmín sí i. Tèmi nìkan ni mi ò ní rí kọ.