Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Tó Já Lágbedeméjì

Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Kumasi, ọgbà ìgbafẹ́ tó wà lẹ́bàá títì máa ń rùn bí ewé jíjẹrà tó ti gba èéfín lọ́rì sára. Òórùn yẹn kò tíì kúrò nímú mi. Ibẹ̀ ni mo ti ń bá ìjọba ìlú wọn ilẹ̀ láwọn ọdún tó tẹ̀lé 1990, nígbà tí wọ́n fẹ́ la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ gba inú ọgbà náà kọjá, kí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ láti àdúgbò Aboabo lọ sáàárín ìlú lè bọ́ lọ́wọ́ mọ́tò. Èmi ni mo kan èèkàn rẹ̀, tayọ̀tayọ̀ ni mo sì fi kàn án, torí pé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà lára àwọn ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ náà. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ bí àwa ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Aboabo ṣe fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ tó. Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi, Ashanti New Town ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Lọ́dún tó ṣáájú, lọ́rì kan gbá a dànù tòun ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, àtìgbà náà ló ti ń tiro. Ojoojúmọ́ ló ń bi mí pé, "Ọ̀nà yín ti dé ibo?"

Ó ku ọ̀la kí àwọn agégi dé ni ìyá tó ń tọ́jú ọgbà náà pè mí. Ọmọ Asante ni, àgbàlagbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó mú mi lọ sábẹ́ igi ńlá kan tí èmi fúnra mi ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí pé wọn yóò gé.

"Dúró," ó wí lédè Twi, "má sọ̀rọ̀."

Kò pẹ́ tí akọ ẹyẹ àtíálá kan fò dé, ìyẹ́ rẹ̀ ń dún fùù-fùù. Ó lẹ̀ mọ́ ara igi, ó ki àgógó rẹ̀ bọ ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí amọ̀ yí ká. Àgógó mìíràn yọ láti inú, ó sì gba èso lẹ́nu rẹ̀.

"Abo ló wà nínú," ìyá náà ní. "Ó ti fi amọ̀ ti ara rẹ̀ mọ́lé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ìyẹ́ rẹ̀ ti re, kò lè fò. Bí ẹ bá gé igi yìí, ẹ ti pa gbogbo wọn nìyẹn."

"Ìgbà wo ni wọn yóò jáde, Maame?"

"Oṣù kan. Bóyá ó jù bẹ́ẹ̀."

Ara mi kò lélẹ̀ mọ́. Mo fa téèpù káàkiri ọgbà títí ọwọ́ mi fi bó. Odò ló wà lápá ọ̀tún, títì ló wà lápá òsì, kò sí ibi tí ọ̀nà lè yà gbà. Mo lọ bá ẹnjiníà tó jẹ́ ọ̀gá wa, mo rò pé yóò pariwo mọ́ mi, kò pariwo.

"A lè fo ibẹ̀ ná, ká ṣe ìyókù, ká padà wá," ó ní. "Ṣùgbọ́n ojú títì ni àwọn ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ yóò máa bọ́ sí níbẹ̀. Ṣé o gbà?"

Mo ní mo gbà.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, ó ju àlùmọ́gàjí tó fi ń gé aṣọ sílẹ̀. "Haba! Torí ẹyẹ?" Ó fa ṣòkòtò sókè, ó fi àpá ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn mí. "Wallahi, o ò ro ti èmi."

Àwọn ọmọ àtíálá náà fò. Èmi àti ìyá náà la jọ wo èyí tó jáde kẹ́yìn, bó ṣe ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lórí ẹ̀ka. Mo sáré lọ sọ fún ọ̀gá pé ó ti tó àkókò láti parí ọ̀nà, àfi bí wọ́n ṣe sọ fún mi pé agbaṣẹ́ṣe tó ń la ọ̀nà náà ti kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn, pé ó di ẹ̀yìn òjò. Òjò lọ, òjò mìíràn dé, kò padà.

Láràárọ̀, kí n tó lọ síṣẹ́, mo máa ń dúró síbi tí ọ̀nà ti já, kí n máa wo àwọn ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ bí wọ́n ṣe ń bọ́ sáàárín ọkọ̀ akérò tí wọ́n ń pè ní tróótró. Bí búrẹ́ékì bá ti han, mo máa ń sáré yọjú wo títì. Ẹ̀gbọ́n mi á sọ̀ kalẹ̀, á máa ti kẹ̀kẹ́, á máa tiro lọ, kò ní wo ọ̀dọ̀ mi. Mo kọ lẹ́tà, mo tún kọ òmíràn, kò sí èsì. Nígbà tó yá, èmi àti ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí òkúta láti etí odò wá, a ń tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti fi ya ojú ọ̀nà díẹ̀ sọ́tọ̀ fún wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró, ó wá di etí kejì òkúta tí mo ń gbé mú.

"Ṣọ́ra, ẹsẹ̀ rẹ," ni gbogbo ohun tó sọ.

Ẹnikẹ́ni ò kú níbẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, nítorí kì í ṣe ọgbọ́n mi ló dá wọn sí. Bí wọ́n bá tún bi mí lónìí, n ó tún ní mo gbà. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé ẹrù ni àánú. Ẹni tó bá ṣe é gbọ́dọ̀ wò ó dáadáa, orí ta ni òun gbé e lé, kó sì lọ bá onítọ̀hún rù ú.