Obìnrin Faransé Tí Àlàájà Ṣe Sàráà Fún

"Ó wọ ṣòkòtò ọkùnrin, ó fi sìgá sẹ́nu, ó sì la àárín ìgboro kọjá!"

Bí Màdáámù ṣe sọ báyìí, ọwọ́ wọn dúró lórí páànù tí wọ́n fi ń rin ewùrà. Àwa ọmọ tí a jókòó yí wọn ká lórí ẹní figbe ta: "Hàà!" Inú wọn dùn sí igbe wa débi pé wọ́n gbàgbé ewùrà lọ́wọ́. Omi tí wọ́n gbé kaná ti ń hó tipẹ́, òórùn epo pupa àti ẹja gbígbẹ ti gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé, ebi sì ń pa wá. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ oúnjẹ nínú wa.

Ọmọ Èkìtì ni Màdáámù. Èdè Faransé ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ilé wọn ló sì kángun sí tiwa ní Ìjẹ̀bú-Òde. N kò gbọ́ orúkọ wọn gan-an rí. Màdáámù ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, títí kan àwọn ọlọ́kadà. Wọ́n fẹ́ràn ìkọ́kọrẹ́ ju àwa Ìjẹ̀bú lọ, àmọ́ kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́, wọn kò mọ̀ ọ́n sè. Bí ìtàn bá ti wọ̀ wọ́n lára, bí kò bá jóná nísàlẹ̀, á rí ṣákálá. A máa ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ìtàn ni a bá wá.

Ìtàn obìnrin Faransé kan ni, tó ń kọ̀wé láyé àwọn baba ńlá wa. Ọkọ tó fẹ́ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó kó jáde, ó sì ń fi ìwé kíkọ bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Orúkọ ọkùnrin ló fi sára àwọn ìwé náà, torí pé àwọn èèyàn ìgbà náà kì í ka ọ̀rọ̀ obìnrin sí. Àwọn ará oko àti àwọn tálákà ló fi ń ṣe ọba nínú ìwé rẹ̀. Bí Màdáámù bá sọ díẹ̀ nínú ìgbésí ayé rẹ̀, wọ́n á sọ díẹ̀ nínú ìtàn tó kọ: ọmọ òrukàn kan ń da àgùntàn, ọmọ olówó abúlé fẹ́ fi ṣaya, bàbá ọmọkùnrin náà sì takú. Ibi tó bá dùn jù ni wọ́n máa ń dá a dúró sí.

Ibi tí bàbá olówó ti gbé kùmọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ọmọ òrukàn ni a wà, tí mo fi ko ara mi sí wàhálà. Mo wọ ṣòkòtò ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, mo lọ pàdé bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà, mo ní kí wọ́n má pè mí lórúkọ mi mọ́, orúkọ ọkùnrin ni mo ń jẹ́ báyìí.

"Ṣé ohun tí Màdáámù ń kọ́ ọ nìyí?" ni bàbá mi wí. "Ẹsẹ̀ rẹ ò gbọdọ̀ débẹ̀ mọ́."

Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ọmọ òrukàn wà nínú ilé, kùmọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, n kò sì ní mọ bó ṣe parí láéláé! Àlàájà, ìyá tó bí bàbá mi, ló gba ọ̀rọ̀ náà rò. Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn á lọ wádìí obìnrin Faransé yìí. Wọ́n mú tẹ̀súbà wọn, wọ́n lọ. Mo dúró lójú fèrèsé títí, ẹ̀rín ni mo ń gbọ́. Ìgbà tí wọ́n ń pe ìrun ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó dé.

"Ẹ rí i, Àlàájà," ni bàbá mi wí, "àbí irú ìtàn wo nìyẹn?"

"Bàbá olówó yẹn burú!" ni Àlàájà dáhùn. "Kùmọ̀, fún ọmọ tí kò ní ìyá?"

"Ti ṣòkòtò ni mò ń sọ."

"Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Nígbà tí mò ń jókòó sórí àpò gàrí nínú ọkọ̀ akẹ́rù láti Ìmùṣin, ṣòkòtò bàbá rẹ ló wà lábẹ́ ìró mi. Òwò yẹn ni mo fi tọ́ ọ. Jẹ́ kí ọmọ máa lọ. Orúnkún mi ò gba ìrìn ojoojúmọ́, bó bá dé, á sọ ọ́ fún mi."

 Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹni tí ń gbọ́ ìtàn wá sílé. Bí mo bá gbàgbé ohunkóhun, Àlàájà á dá mi padà lọ béèrè. Bàbá mi á rọra yí rédíò sílẹ̀, wọ́n á ní àwọn ò gbọ́ wa.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Màdáámù sọ bí obìnrin Faransé náà ṣe darúgbó, tó kú. Bí mo ṣe ròyìn rẹ̀ nílé, Àlàájà kígbe: "Ínnà lílàhì!" Wọ́n wé gèlè, wọ́n ní kí n ṣáájú. Wọ́n bá Màdáámù nídìí àdògán.

"Màdáámù, ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Ọlọ́hun á dẹ́yìn sí i."

Màdáámù la ẹnu sílẹ̀. "Àlàájà, ó ti pẹ́ o. Kí wọ́n tó bí ìyá yín ló ti kú."

"Òní ni èmi gbọ́," ni Àlàájà wí. "Ṣé ó fojú rí ọmọ ọmọ?"

"Ó rí wọn."

"Ó ṣeun. Ta ló wá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀?"

"Àwọn ìwé rẹ̀ ni."

Ìgbà náà ni Màdáámù bú sẹ́kún, ẹ̀rín sì wà nínú ẹkún náà. Wọ́n ní, "Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé obìnrin yìí, ìdánwò ni wọ́n fi ṣe. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kí mi kú ọ̀fọ̀ rẹ̀." Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Àlàájà din àkàrà, wọ́n pín in fún gbogbo ọmọ àdúgbò ní sàráà fún obìnrin Faransé. Bàbá mi jẹ tiwọn tán, wọ́n wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n bi mí bóyá ọmọkùnrin yẹn padà fẹ́ ọmọ òrukàn.

Àlàájà àti Màdáámù ti lọ báyìí, mo sì ti fi ojú ara mi ka àwọn ìwé náà. Mo gbádùn wọn, ṣùgbọ́n kíkà nìkan kì í tó mi. Ìwé tí mo bá kà tí n kò tíì rí ẹni sọ ọ́ fún, n kò tíì kà á tán. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó ń gbé mi lọ sẹ́nu iṣẹ́ ní Ìjagun ti mọ̀ mí mọ́ ìtàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn tí mo ń sọ ìtàn fún gbé mi kọjá géètì ibi iṣẹ́ mi, ó ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló wá ṣẹlẹ̀?" Mo rí géètì náà bó ṣe ń lọ. Inú mi dùn débi pé n kò sọ fún un pé kó dúró.