Ìdí Tòlótòló Tí Ìyá Mi Ń Rà

Ìdí tòlótòló ń rí mi lára títí di òní. Mo lè jókòó jẹ́jẹ́ nínú tirótiró, ọkọ̀ èrò Accra, kí òórùn rẹ̀ kàn fẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé, itọ́ èébì á ti kún ẹnu mi. Tsofi ni wọ́n ń pè é ní Accra. Kìkì ọ̀rá ni, wọ́n á dín in títí epo á fi máa kán tó, tó, tó.

Ọmọdé ni mí nígbà tí àtọ̀gbẹ mú mi, irú èyí tí èèyàn ò lè yé gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì. Ìyá mi ń ta aṣọ ní ọjà Kaneshie. Nínú gbogbo àlàyé tí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe, "ṣúgà" nìkan ló gbọ́. Ó kó ṣúgà kúrò nílé, ó kó búrẹ́dì, ó dín kẹ́ńkè, ẹ̀kọ àgbàdo àwọn ará Ghana, kù. Kí ni màá wá jẹ yó? Ẹran. Ẹran ò kúkú ní ṣúgà. Bó bá ti ń bọ̀ láti ọjà, á yà lọ́dọ̀ obìnrin tó ń dín tsofi ní àdúgbò Alajo, ìyẹn á pariwo "Alata Maame!", bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin Yorùbá níbẹ̀, á wé e sínú ìwé ìròyìn fún un.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ó ń rí mi lára."

"Aláṣejù! Ṣé ọmọ òyìnbó ni ẹ́ ni? Jẹ ẹ́, kó o lè sanra."

Màá gbé e mì láìrún un, á máa yọ̀ lọ lọ́nà ọ̀fun mi bí ikun imú. Ṣíọ̀!

Nígbà tó yá, dókítà ní kí wọ́n yẹ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ojú wa ni wọ́n gbé ìgò tín-ín-rín náà wá fún un. Ẹ̀jẹ̀ mi ti rọlẹ̀ sísàlẹ̀. Lókè rẹ̀, nǹkan funfun kan nípọn bí ọ̀rá tó dì sórí ọbẹ̀ àná. Ẹ gbà mí! Ṣé èyí ni mò ń gbé kiri? Ara èmi fúnra mi rí mi lára.

Dókítà bi wá pé kí ni mò ń jẹ. Ìyá mi ò jẹ́ kí n lanu.

"Kì í fẹnu kan ṣúgà, sà. Ẹran ọlọ́ràá ni mò ń fún un."

Dókítà mirí. Ó ní àtọ̀gbẹ nìkan tó láti fa àrùn ọkàn fún ọmọ, ká tó wá da ọ̀rá lé e. Bí a ò bá jáwọ́, mi ò ní pẹ́ láyé. Ìyá mi gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn. Inú ń bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí.

Nírọ̀lẹ́, ó gbé ẹ̀wà síwájú mi, epo rẹ̀ ò tó nǹkan. Kò jókòó.

"Ṣé èyí náà ń rí ẹ lára?"

Mo ní rárá.

"Sọ òótọ́ fún mi. Bó bá ń rí ẹ lára, màá se òmíràn."