Ẹyin Kan fún Àbúrò Mi

Àǹtí Sìfáwù, ìyàwó bàbá mi, ló kọ́kọ́ pè mí lólè. Wọ́n ti darúgbó báyìí. Dókítà ní kí wọ́n máa jẹ ẹyin, èmi ni mo sì ń dín in fún wọn. Òórùn rẹ̀ gbé mi padà sí ọ̀sán kan ní Àpòmù, nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Ẹsẹ̀ àbúrò mi wú, irun rẹ̀ pọ́n. Mo fọ́ ẹyin kan lára ti adìyẹ Àǹtí sínú epo gbígbóná fún un. Ó ń di funfun lọ́wọ́ ni Àǹtí dà á nù.

“Ẹyin ló ń sọ ọmọdé dolè! O ò tíì jẹ ẹ́, o ti jí i!”

Purotéènì, èròjà aṣaralóore inú ẹyin, ni ara fi ń hun ẹran tuntun; àìtó rẹ̀ ló wú ẹsẹ̀ àbúrò mi. Àbúrò mi kú láìtọ́ ọ wò.

Lónìí, Àǹtí lá ìka wọn tán.

“Fi ẹyọ kan kún un, ọmọ mi.”