Mo To Yàrá Títí Mo Fi Há Mọ́nú Rẹ̀

Mo há mọ́ inú yàrá tèmi fúnra mi, ní àdúgbò Odoakpu níbí.

Géèmù orí fóònù kan ló fà á. Wọ́n gé ilé kan sí wẹ́wẹ́, èèyàn á máa sún yàrá kiri títí ọkùnrin kékeré inú rẹ̀ á fi rí ọ̀nà dé ẹnu ilẹ̀kùn. Láàárọ̀ yìí, mo yege níbi tó le jù, èmi tí mi ò gbà rí pé orí mi pé tó bẹ́ẹ̀. Ni mo bá ní kí n tún yàrá wa tò kí ìyàwó mi tó dé.

Báyìí, fìríìsà ti dí ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀dì sì há sáàárín òun àti kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìyàwó mi yọjú lójú fèrèsé onírin. "Bàbá Dúpẹ́, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń tún yàrá tò."

"Ó dáa. Ẹ jáde ká rí i."

Mo fi èjìká ti fìríìsà, kò sún.

Mama Chidi, ará ilé wa tó mọ̀ mí mọ́ géèmù, ní, "Oga, press back now."

Ìyàwó mi ti lọ pe káfíńtà kó wá gé ilẹ̀kùn onílé. Màá jáde kí wọ́n tó dé, ó dá mi lójú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n kọ́kọ́ sún, bẹ́ẹ̀dì ni àbí kọ́bọ́ọ̀dù? Ẹ tètè dáhùn.